Dúrọ́ọ̀mù búréèkì tó há mọ́ ẹsẹ̀ tírélà: Ọgbọ́n ni wọ́n fi ń tú u, kì í ṣe agbára

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn dáadáa kò ní í ṣàì ti rí i rí. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Kara àti bíríìjì gígùn tó wà níbẹ̀, tó forí lé Ìbàfò àti Mọ́wé, tó ń lọ sí Redemption Camp, tírélà kan yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọn yóò ti yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan, wọn yóò ti já ewé sílẹ̀ láti fi kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òróró ẹ́ńjìnnì ti sọ aṣọ rẹ̀ di dúdú yóò sì lọ́ṣọ̀ọ́ síbẹ̀, tí yóò máa fi hámà lu irin kíkankíkan. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì yóò máa bínú pé òun ló fa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọn yóò sì kọjá lọ. Ohun tí ọmọkùnrin náà ń lù gan-an kì í sábà yé wọn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, dúrọ́ọ̀mù búréèkì ló ń lù. Irin náà ti há mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín gbùngbùn tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé, kò sì fẹ́ jáde. Bó bá mọ̀ ọ́n tú, búréèkì yóò rí àtúnṣe, tírélà yóò sì gbéra láìséwu. Ṣùgbọ́n bó bá fi agbára fọ́ ọ, tàbí tó tú u tán tí kò mọ̀ ọ́n dá padà, wàhálà tó kúrò ní Mọ́wé yóò lọ dúró de àwọn ẹlòmíràn níwájú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ irin tó há yìí kò fi mọ sí àárín mẹkáníìkì àti dẹ̀rẹ́bà nìkan.

ỌNÀ KAN NÁÀ NI GBOGBO AYÉ Ń GBÀ

Ọdún 1978 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí ọ̀nà márosẹ̀ náà. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 127, kìlómítà kẹrìndínláàádọ́ta ni Redemption Camp tó jẹ́ ti ìjọ Ridiimu wà. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí ìsìn alẹ́ bá wà níbẹ̀, àti ní oṣù kẹjọ àti oṣù kejìlá tí wọ́n ń ṣe àpéjọ ńlá, ọkọ̀ akérò, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn máa ń kún ojú ọ̀nà náà bí omi. Òun náà sì ni àwọn tírélà tó ń kó ẹrù láti èbúté Àpápá àti Tin Can ń gbà lọ sí Ìbàdàn, Ìlọrin àti òkè Ọya. Bó bá ṣu wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn a lọ sinmi ní gáréèjì tírélà tó wà ní Ògèrè Rẹ́mọ. Lápá kejì, lọ́nà Èkó sí Abẹ́òkúta, tírélà sìmẹ́ńtì ló ń tò láti Ewékorò gba Ifọ̀ kọjá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí búréèkì tó kọṣẹ́ lè fà, kó rántí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 2018. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ tó gbé epo bẹntiróòlù pàdánù ìjánu rẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà ní bíríìjì Ọ̀tẹ́dọlá, lórí ọ̀nà márosẹ̀ yìí kan náà, nítòsí Berger. Epo dà sílẹ̀, iná sọ. Ọkọ̀ tó lé ní 50 ló jóná, ó kéré tán ènìyàn 9 ló sì kú. Búréèkì tó kọṣẹ́ ni àwọn aláṣẹ sọ pé ó fà á.

IṢẸ́ TÍ DÚRỌ́Ọ̀MÙ Ń ṢE

Dúrọ́ọ̀mù búréèkì jẹ́ irin dídà tó rí roboto bí ìkòkò tí kò nísàlẹ̀. Ara họ́ọ̀bù ni wọ́n dè é mọ́, nítorí náà bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń yí ni òun náà ń yí. Nínú rẹ̀ ni ṣúù búréèkì méjì wà, wọ́n tẹ̀ bí ọsàn tí a là sí méjì, wọ́n sì lẹ láínìn mọ́ ẹ̀yìn wọn. Ṣúù kì í yí ní tirẹ̀. Bí dẹ̀rẹ́bà bá tẹ búréèkì, afẹ́fẹ́ yóò wọ inú agolo irin kan tó wà nídìí ẹsẹ̀ náà, yóò ti ọ̀pá kan jáde, ọ̀pá náà yóò fa apá irin tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní àjọ́sítà, àjọ́sítà yóò sì yí ọ̀pá mìíràn tí orí rẹ̀ dà bíi lẹ́tà S. Orí S yìí ni yóò ya àwọn ṣúù méjèèjì sí ọ̀tún àti òsì títí wọn yóò fi gbá inú dúrọ́ọ̀mù mú. Bí láínìn bá ṣe ń ha dúrọ́ọ̀mù ni eré ọkọ̀ ń dín kù.

Eré náà kì í ṣègbé lásán. Ooru ló ń dà. Bí tírélà kan pẹ̀lú ẹrù bá wọn tọ́ọ̀nù 40, tó sì ń sá eré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ooru tí dídúró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń mú jáde tó èyí tí yóò sé omi tútù lítà 17 títí tí yóò fi hó. Bó bá jẹ́ eré kìlómítà 80 ló ń sá, omi náà yóò tó lítà 31. Eré fi ìdá mẹ́ta lé sí i, ṣùgbọ́n ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Abájọ tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, fi sọ pé tírélà àti ọkọ̀ agbépo kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 60 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè sá 100.

Gbogbo ooru yìí, inú dúrọ́ọ̀mù ló ń lọ. Irin tó bá sì gbóná a máa fẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ṣe ń fẹ̀ ló ń sún kúrò lọ́dọ̀ ṣúù, ọ̀pá tó ń ti ṣúù yóò sì ní láti rìn jìnnà sí i kí ó tó bá a. Dúrọ́ọ̀mù tuntun tó nípọn gba ooru mọ́ra. Èyí tó ti jẹ ju bó ti yẹ lọ kò lè gbà á, ọ̀pá náà yóò rìn títí dé òpin ìrìn rẹ̀, dẹ̀rẹ́bà yóò sì tẹ búréèkì dórí ilẹ̀ láìrí nǹkan kan dì mú.

OHUN TÓ Ń MÚ KÓ HÁ

Ohun àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ni pé, ṣé dúrọ́ọ̀mù há lóòótọ́ ni, àbí búréèkì ló ṣì dì í mú? Ọ̀pọ̀ tírélà òde òní ni sípíríìnì líle kan wà nínú agolo afẹ́fẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń ká sípíríìnì yìí kò. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, tàbí tó jò, sípíríìnì yóò nà, búréèkì yóò sì gbá ẹsẹ̀ mú. Ọkọ̀ ojú irin ni ọgbọ́n yìí ti wá: ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ George Westinghouse ló ṣe búréèkì oníafẹ́fẹ́ fún rélùwéè ní ọdún 1869, kò sì pẹ́ tó fi tún un ṣe, ní ọdún 1872, kó lè jẹ́ pé bí páìpù afẹ́fẹ́ bá já, kàkà kí ọkọ̀ máa sá lọ, ńṣe ni yóò dúró. Nítorí náà, ẹni tó ń lu dúrọ́ọ̀mù tírélà tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú táǹkì rẹ̀ ń lu ohun tí búréèkì dì mú tọwọ́tẹsẹ̀. Kò lè jáde.

Èkejì ni ètè tó máa ń yọ sínú dúrọ́ọ̀mù. Ibi tí láínìn ń ha máa ń jẹ wọlé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n etí dúrọ́ọ̀mù tí láínìn kò dé yóò wà bó ṣe wà. Bó bá pẹ́, etí náà yóò yọ sókè bí ètè ìkòkò. Bí wọ́n bá wá ń fa dúrọ́ọ̀mù síta, ètè yìí yóò kọ́ ṣúù, yóò dúró digbí.

Ẹ̀kẹta ni ìdógùn-ún. Ojú ibi tí dúrọ́ọ̀mù àti họ́ọ̀bù ti wọnú ara wọn ṣe rẹ́gí, kò sí àyè láàárín wọn. Òjò àti ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà yóò rá pálá wọbẹ̀, irin méjèèjì yóò dógùn-ún, ìdógùn-ún náà yóò wú, yóò sì so wọ́n pọ̀ bíi pé wọ́n fi wẹ́dà jó wọn mọ́ra.

Ẹ̀kẹrin ni ìdúró pípẹ́. Tírélà tó bá dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú òjò, láínìn rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù. Àwọn onítírélà mọ èyí dunjú láti ìgbà tí ọkọ̀ ń tò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ́nà Àpápá, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ètò ní oṣù kejì ọdún 2021.

Ẹ̀karùn-ún ni àìfarabalẹ̀. Àwọn dúrọ́ọ̀mù kan wà tí bóòtù kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta dè mọ́ họ́ọ̀bù, tí orí wọn sì rì wọnú irin. Ìdọ̀tí a máa bò wọ́n. Ẹni tí kò bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú rẹ̀ kò ní í rí wọn, yóò sì lu irin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

KÍ WỌ́N TÓ GBÉ HÁMÀ

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ó gbọ́dọ̀ rí i pé ọkọ̀ náà kúrò lójú títì dé ibi tó bá lè kúrò dé, kó sì dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ewé tútù kò tó fún ìkìlọ̀, pàápàá lóru. Síkọ́ṣàn onígun mẹ́ta tó ń tàn yanran bí iná bá kàn án ni ó yẹ kó wà lẹ́yìn ọkọ̀, kó sì jìnnà débi tí ẹni tó ń sáré bọ̀ yóò fi lè rí i kó tó sún mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ náà bá dí ojú ọ̀nà, nọ́ńbà 122 ni wọ́n fi ń pe àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, ọ̀fẹ́ sì ni. Àjọ TRACE ti ìpínlẹ̀ Ògùn náà wà lójú ọ̀nà yìí.

Lẹ́yìn èyí ni wẹ́ẹ̀jì. Kí wọ́n fi wẹ́ẹ̀jì igi líle há iwájú àti ẹ̀yìn àwọn ẹsẹ̀ tí wọn kò ní í tú. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, nítorí pé bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ ni wọn yóò tú búréèkì ọkọ̀ náà sílẹ̀, wẹ́ẹ̀jì yìí nìkan ni yóò sì kù tí yóò máa dì í mú.

Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì ní agbègbè Ìbàfò àti Mọ́wé rọ̀ púpọ̀ lásìkò òjò. Jáàkì tí wọ́n gbé lé ilẹ̀ rírọ̀ yóò rì, tàbí kó yẹ̀. Pákó tó nípọn ni kí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀pá ẹsẹ̀ bá sì ti gbéra, kí wọ́n gbé òpó irin tàbí igi ńlá tó lè ru ẹrù náà sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lé e. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún dídi ọkọ̀ mú. Ẹni tó bá wọ abẹ́ tírélà tí jáàkì nìkan gbé dúró ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dọ́pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n tú búréèkì sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wà, kí dẹ̀rẹ́bà tú ìjánu ìgbọ́kọ̀sí. Bí afẹ́fẹ́ kò bá sí, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ kó dá wọn lójú, bóòtù gígùn kan wà tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn agolo afẹ́fẹ́ láti fi ká sípíríìnì náà kò. Ara agolo náà ni wọ́n sábà máa ń fi bóòtù yìí pamọ́ sí. Wọn yóò kì í bọ ihò, wọn yóò yí i kó kọ́, wọn yóò sì máa fi sípánà mú nọ́ọ̀tì rẹ̀ le títí sípíríìnì yóò fi padà sẹ́yìn. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe: kò gbọdọ̀ tú bẹ́líìtì irin tó de agolo yìí láti wo inú rẹ̀. Sípíríìnì inú rẹ̀ wà ní kíká pẹ̀lú agbára tó lè ju irin nù bí ọta ìbọn. Ó ti pa mẹkáníìkì káàkiri ayé.

Bí sípíríìnì bá ti kúrò lọ́nà, ó ku àjọ́sítà. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí ní orí bóòtù kan tí wọ́n ń fi sípánà yí kí ṣúù lè wọlé kúrò lára dúrọ́ọ̀mù. Bó bá wọlé dáadáa, ètè inú dúrọ́ọ̀mù yóò rí àyè gba òkè ṣúù kọjá. Èyí tó ń dá ara rẹ̀ mú le ní ìlànà tirẹ̀, ó sì yàtọ̀ láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Bí wọ́n bá fi túláàsì yí i padà láìtú ohun tó dè é, eyín inú rẹ̀ yóò jẹ.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TÚ U

Nígbà náà ni wọn yóò tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀, wọn yóò gbé rìímù àti táyà kúrò. Oríṣi dúrọ́ọ̀mù méjì ló wà, kí mẹkáníìkì sì mọ èyí tó ń bá jà. Ọ̀kan wọ họ́ọ̀bù láti ìta, bóòtù ẹsẹ̀ gba inú rẹ̀ jáde. Èyí máa ń jáde láìtú họ́ọ̀bù. Èkejì wà lẹ́yìn họ́ọ̀bù, ara rẹ̀ ni wọ́n sì dè é mọ́. Kò sí bó ṣe lè dá jáde. Àfi kí wọ́n tú họ́ọ̀bù pẹ̀lú bẹ́ríìnì rẹ̀. Ẹni tó bá ń lu oríṣi kejì bíi ti àkọ́kọ́ yóò ba bẹ́ríìnì jẹ́, dúrọ́ọ̀mù kò sì ní í mira.

Bó bá jẹ́ oríṣi àkọ́kọ́, kí wọ́n fọ ojú rẹ̀, kí wọ́n wá àwọn bóòtù kéékèèké tó lè fara pamọ́, kí wọ́n sì tú wọn. Kí wọ́n wá dá nọ́ọ̀tì méjì tàbí mẹ́ta padà sórí bóòtù ẹsẹ̀, kí wọ́n má ṣe mú un dé ìdí. Ìdí ni pé dúrọ́ọ̀mù tírélà fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì kan, kì í sì í ké sí ènìyàn kó tó já. Nọ́ọ̀tì yìí ni kò ní í jẹ́ kó já lé ẹsẹ̀ ẹni tó ń lù ú.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ta òróró tí wọ́n fi ń tú irin tó dógùn-ún sí etí ibi tí dúrọ́ọ̀mù ti pàdé họ́ọ̀bù, àti sí ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fún un láyè kó wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré kò tó fún irin tó ti so pọ̀ láti ọdún púpọ̀. Bí àyè bá wà, kó tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì máa tún un ta.

Ìgbà yìí ni hámà dé. Ojú pẹrẹsẹ dúrọ́ọ̀mù, láàárín bóòtù kan sí èkejì, ni wọ́n ń lù, wọn yóò sì máa yí i ká: ẹ̀ẹ̀kan níbí, ẹ̀ẹ̀kan lódì kejì. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi hámà lé e jáde. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìgbọ̀nrìrì tí yóò fọ́ ìdógùn-ún náà sí wẹ́wẹ́. Bí ohùn irin náà bá yí padà, tí erùpẹ̀ pupa sì ń jábọ́ láti etí họ́ọ̀bù, iṣẹ́ ti ń bọ́ sójú ọ̀nà nìyẹn. Wọn kò gbọdọ̀ lu etí dúrọ́ọ̀mù láti ẹ̀yìn pẹ̀lú agbára, nítorí irin dídà kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń fọ́ bí ìkòkò. Wọn kò sì gbọdọ̀ lu orí bóòtù ẹsẹ̀, kí eyín rẹ̀ má bàa bàjẹ́.

Ihò méjì oníyín wà lójú àwọn dúrọ́ọ̀mù kan. Kò sí ohun tí wọ́n so mọ́ ọn, àwọn tí kò mọ̀ sì máa ń rò pé bóòtù kan ló sọnù níbẹ̀. Iṣẹ́ ìtúdúrọ́ọ̀mù gan-an ni wọ́n dá ihò náà sí fún. Bóòtù tó bá wọ̀ ọ́ ni wọn yóò kì bọ̀ ọ́, wọn yóò máa yí ọ̀tún díẹ̀, wọn yóò yí òsì díẹ̀, bóòtù náà yóò sì máa fi orí ti họ́ọ̀bù títí dúrọ́ọ̀mù yóò fi sún síta lọ́gbọọgba. Ẹni tó bá mú ẹyọ kan le ju èkejì lọ yóò mú kó wọ́, yóò sì há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, iná lè ràn án, nítorí irin gbígbóná a máa fẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n ń yá iná sí, ní àyíká ihò àárín rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ àti yíká, kì í ṣe họ́ọ̀bù. Inú họ́ọ̀bù ni gíríìsì àti rọ́bà tó ń dì í mú wà, iná sì lè ràn wọ́n. Táyà àti páìpù afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ wà nítòsí. Wọn kò gbọdọ̀ da omi lé irin gbígbóná náà, nítorí yóò sán. Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ agbépo ni, ìbáà jẹ́ pé epo inú rẹ̀ ti tán, iná kò gbọdọ̀ kàn án rárá, nítorí èéfín epo inú táǹkì òfìfo lè bú gbàmù ju epo fúnra rẹ̀ lọ. Kí wọ́n fà á lọ síbi tí wọn yóò ti tún un ṣe láìséwu.

Bí dúrọ́ọ̀mù náà bá ti jẹ kọjá àtúnṣe, tí wọn kò sì ní í lò ó mọ́, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè gé e tàbí kó fọ́ ọ. Kó fi awò bo ojú rẹ̀, nítorí èérún irin dídà ń fò bí ìgò.

ERUKU TÍ KÒ YẸ KÍ WỌ́N FẸ́

Bí dúrọ́ọ̀mù bá já, eruku dúdú yóò dà sílẹ̀. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí ọmọ iṣẹ́ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ nù. Àṣà burúkú ni. Àwọn láínìn kan, pàápàá àwọn àtijọ́ àti àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá, ní àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú. Eruku rẹ̀ tí ènìyàn bá fà símú kì í jáde mọ́, ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ogún ọdún sí ogójì ọdún. Omi ni kí wọ́n fi rin eruku náà, kí wọ́n fi àkísà tútù nù ún, kí wọ́n sì bo imú.

KÍ WỌ́N TÓ DÁ A PADÀ

Títú dúrọ́ọ̀mù kò tíì parí iṣẹ́. Ara irin náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ ìwọ̀n tí inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ kọjá. Dúrọ́ọ̀mù tírélà Amẹ́ríkà tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ tó ínǹṣì 16 àbọ̀ nígbà tó wà ní tuntun, ìyẹn mìlímítà 419. Ti ilé iṣẹ́ BPW ti ilẹ̀ Jámánì tó wọ́pọ̀ jẹ́ mìlímítà 420. Ìwọ̀nba mìlímítà mẹ́ta péré lé lórí ìwọ̀n yìí ni dúrọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà náà lè jẹ kó tó di ohun tí wọ́n ń jù nù. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, ohun èlò ìwọ̀n ni wọ́n ń lò.

Kí wọ́n wo inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìlà tín-ín-rín bíi ti ilẹ̀ gbígbẹ wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n sísán tó jinlẹ̀, tàbí èyí tó la dúrọ́ọ̀mù já síta, kò ní àtúnṣe. Àmì aláwọ̀ aró ń fi hàn pé ó ti gbóná kọjá ààlà. Bí òróró tàbí gíríìsì bá wà lára láínìn, rọ́bà họ́ọ̀bù ti ń jò, pípààrọ̀ láínìn láìpààrọ̀ rọ́bà sì jẹ́ owó tí a dà sómi. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pààrọ̀ dúrọ́ọ̀mù, ọ̀tún àti òsì lórí ọ̀pá kan náà ni kí wọ́n pààrọ̀ pọ̀. Bí ọ̀kan bá dì mú ju èkejì lọ, tírélà yóò máa fà sápá kan nígbà tí dẹ̀rẹ́bà bá tẹ búréèkì, pàápàá lójú títì tó tutù.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń di ti owó. Olówó ọkọ̀ yóò sọ pé kí wọ́n lo èyí tó wà títí di oṣù tó ń bọ̀. Mẹkáníìkì yóò lọ ra tòkúnbọ̀ ní Ládìípọ̀ tàbí Ògèrè, láìwọn inú rẹ̀. Tòkúnbọ̀ kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n tòkúnbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n lè jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti jù nù.

Bí wọ́n bá fẹ́ dá a padà, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdógùn-ún kúrò lójú họ́ọ̀bù títí irin rẹ̀ yóò fi hàn, kí wọ́n sì pa gíríìsì tí kì í jẹ́ kí irin há síbẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má ṣe kan ibi tí láínìn ń ha. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni èyí ń gbà, òun ni kò ní í jẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù náà há lọ́jọ́ mìíràn. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń mú le yípo tẹ̀léra. Èyí tó kọjú sí ara wọn ni wọ́n ń mú, kí rìímù lè jókòó dọ́gba. Kí wọ́n wá mú àjọ́sítà padà sí ìwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n yọ bóòtù tí wọ́n fi ká sípíríìnì kúrò, nítorí bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò ní ní ìjánu ìgbọ́kọ̀sí. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n kún táǹkì afẹ́fẹ́, kí wọ́n tẹ búréèkì, kí wọ́n sì fetí sílẹ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń jò. Wẹ́ẹ̀jì ló ń kúrò kẹ́yìn.

Nọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú le tún máa ń rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn kìlómítà 80 sí 160, kí wọ́n tún un mú le. Tírélà tí wọ́n tún ṣe ní Mọ́wé, kí dẹ̀rẹ́bà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá fi díẹ̀ kọjá Ìbàdàn, kó fi sípánà kan nọ́ọ̀tì ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ń le koko. Òwe yìí bá dúrọ́ọ̀mù tó há mu wẹ́kú. Ẹni tó kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́, tó fi wẹ́ẹ̀jì sí i, tó ká sípíríìnì kò, tó sì tú àjọ́sítà, lè má lo hámà ju ìgbà díẹ̀ lọ. Ẹni tó fi hámà bẹ̀rẹ̀ lè lù ú di alẹ́, kó sì fọ́ ọ, kó tún wá fọ̀nà dá a padà pẹ̀lú sísán lára. Tírélà náà yóò gbéra, yóò sì máa lọ geere níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà bá dá. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá kún, tí àwọn ọkọ̀ akérò dúró gbọọrọ níwájú Redemption Camp, tí àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n tí wọ́n ń sọdá, ni yóò tó hàn irú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i.